Ìwé Ìwọ̀n Tí O Ní Kí N Jù Nù

[Fóònù ń dún. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń pariwo lẹ́yìn.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ̀lóò? Ta nìyẹn?

ÀBÚRÒ: Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ yín ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Gbogbo wọn wà. Kí ló dé tí ò ń mí bí ẹni tó sáré?

ÀBÚRÒ: Orí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa ni mo wà. Ọ̀gá ò fẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù nídìí iṣẹ́. Ṣé ẹ ti jẹun?

Ẹ̀GBỌ́N: Aago mọ́kànlá ti kọjá. O sá kúrò nídìí iṣẹ́ láti wá bi mí bóyá mo ti jẹun?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ìwé yín dà?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwé wo?

ÀBÚRÒ: Ìwé ńlá aláwọ̀ búlúù yẹn. Èyí tí ẹ kọ orúkọ àwọn mẹ́ńbà yín sí, nọ́ńbà fóònù wọn, ìwọ̀n èjìká wọn, ìwọ̀n —

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí tí ìwọ ní kí n jù nù?

[Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.]

ÀBÚRÒ: Ẹ ò jù ú nù, àbí?

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló ṣẹlẹ̀?

ÀBÚRÒ: Kò fi bẹ́ẹ̀ le. Sáìtì tí ẹ ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní aṣọ gígé yẹn ló ṣe update kan —

Ẹ̀GBỌ́N: Update. Ìgbàkigbà tí o bá ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni nǹkan mi máa ń sọnù. Sọ̀rọ̀, jàre.

ÀBÚRÒ: Wọ́n kọ lẹ́tà. Ẹ jẹ́ kí n kà á. "Ẹ̀yin ẹbí wa ọ̀wọ́n —"

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ni ẹbí wọn?

ÀBÚRÒ: Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. "Inú wa dùn láti mú yín wọ ọjọ́ iwájú —"

Ẹ̀GBỌ́N: Inú wọn dùn! Fo ìyẹn. Ka ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ gidi pamọ́ sí.

ÀBÚRÒ: Ẹ mọ̀ pé oṣooṣù làwọn mẹ́ńbà ń sanwó fún yín, kí wọ́n lè wo bí ẹ ṣe ń gé aṣọ, kí wọ́n sì bi yín ní ìbéèrè. Wọ́n ní ìyẹn ti parí. Sáìtì ni gbogbo wọn á máa san án fún báyìí. Tí mẹ́ńbà yín bá wọlé láti aago méjìlá ọ̀sán òní, kì í ṣe ẹ̀yin ló máa bá níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n fi síbẹ̀ tó ń kọ́ èèyàn ní aṣọ gígé.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀rọ?

ÀBÚRÒ: Ó ti wo gbogbo fídíò yín. Ó ń sọ̀rọ̀ bíi tiyín. Ó tiẹ̀ máa ń pòṣé.

[Ẹ̀gbọ́n pòṣé.]

ÀBÚRÒ: Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọdún mẹ́rin! Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ àwọn èèyàn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Ẹni tí dókítà gé ọmú rẹ̀ kan. Àwọn tí aṣọ ọjà kì í bá ara wọn mu. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá sọ́dọ̀ mi! Ẹ̀rọ wo ló mọ ìwọ̀n èjìká wọn?

ÀBÚRÒ: [ohùn ń já] ...small, medium, large ló ń —

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ̀lóò? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo ń gbọ́ yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Kọ̀wé sí àwọn mẹ́ńbà mi kíá. Sọ fún wọn pé èmi kọ́ ló wà níbẹ̀.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti ti ibẹ̀ pa. A ò lè kọ̀wé sí ẹnì kankan mọ́. A ò rí nọ́ńbà wọn náà mọ́. Wọ́n ní ti sáìtì ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Nọ́ńbà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ?

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ rántí pé mo bá yín tẹ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀...

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló gbà fún wọn?

[Àbúrò wúkọ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ta ló gbà fún wọn?

ÀBÚRÒ: Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yìí —

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí nǹkan tó ṣe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

ÀBÚRÒ: Wọ́n fi nǹkan kan ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá. Ó gùn gan-an. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo kàn tẹ "Mo gbà".

Ẹ̀GBỌ́N: O kà á?

ÀBÚRÒ: Kò sẹ́ni tó ń ka irú ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀gbẹ́ni Kọ̀ǹpútà! Ìwọ tí o jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí o gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tí o ní ìwé kíkọ ti di ti ayé àtijọ́. "Ẹ jù ú nù, Ẹ̀gbọ́n, ó ti wà lókè níbẹ̀." Òkè ibo? Ọ̀run?

ÀBÚRÒ: Ẹ má bínú. Sáìtì míì wà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Wọ́n ní àwọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láé —

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni àwọn àkọ́kọ́ yìí sọ nígbà tí wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n wá? "Tiyín ni àwọn èèyàn yín." Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà á kọ ọ́. Tí àwa bá ti bá a kó èèyàn jọ tán, á sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá wa. Ọjọ́ iwájú tí wọ́n ní kí o kà fún mi nìyẹn. Mo ti rí i. Kò ṣeé wò.

ÀBÚRÒ: Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé ẹ ò jù ú nù.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìgbà wo lo rí aránṣọ tó ń ju bébà nù?

ÀBÚRÒ: Ọlọ́run ṣeun! Ẹ tètè gbé e —

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gé e.

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣe kí ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo fi gé pátánì tí mo fi ń gé aṣọ. Bébà rẹ̀ nípọn, ó dáa fún kọ́là. O ní kò wúlò mọ́. Èmi wá ohun tó wúlò fún.

ÀBÚRÒ: Gbogbo rẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Látòkè délẹ̀. Ó wà nínú àpò tí mo gbé kọ́ ara ògiri.

ÀBÚRÒ: A ti kú.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ lo kú. Dúró.

[Bébà ń dún ṣàràṣàrà. Àlùmọ́gàjí jábọ́ sílẹ̀.]

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti dà á sórí tábìlì. Ohun tí mo bá fọwọ́ mi gé, mo mọ bí mo ṣe gé e. Wò ó... kọ́là rèé. "Ìyá ọmọ tí èjìká rẹ̀ ò dọ́gba. Òsì fi íǹṣì kan àti ààbọ̀ wálẹ̀."

ÀBÚRÒ: Ìyá tó sunkún lórí fídíò yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Òun ni mẹ́ńbà mi àkọ́kọ́. Ọmọ yẹn kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò, àfìgbà tí ìyá rẹ̀ rán ṣẹ́ẹ̀tì yẹn fún un. Òun ló pe àwọn yòókù wá. Tó bá gbọ́, ìdajì wọn ti gbọ́.

ÀBÚRÒ: Nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Apá kan rẹ̀ ló wà. Àlùmọ́gàjí gba àárín rẹ̀ kọjá.

ÀBÚRÒ: Ẹ wá ìyókù! Ẹ yẹ ìsàlẹ̀ —

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní pátánì? Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́là, ìbòrí àpò ṣẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń fi ṣe. [Bébà ń dún.] Èyí kọ́. Èyí kọ́... Òun rèé. Ó bá a mu. Ó pé!

ÀBÚRÒ: Ẹ kà á fún mi! Màá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù mi, màá sì fi sórí sáìtì tuntun yẹn kó má bàa —

Ẹ̀GBỌ́N: Kí n tún kà á fún ìwọ?

ÀBÚRÒ: Kó lè yá ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Tẹ́tí. Èmi ni mo máa pè é. Ohùn mi ló máa gbọ́, tòṣé-tòṣé. Lẹ́yìn náà màá to bébà ẹnì kejì pọ̀, màá pe òun náà. Ní tìẹ, tó o bá jáde níbi iṣẹ́, ra ìwé ńlá kan wá, aláwọ̀ búlúù. Kó o wá jókòó síbi tó o gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ sí yẹn, kó o fi bírò da gbogbo wọn kọ.

ÀBÚRÒ: Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn? Pẹ̀lú ọwọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Pẹ̀lú ìwọ̀n èjìká wọn.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ẹ jẹ́ kí n kàn tẹ —

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí tó o ti tẹ̀ ti tó. Kúrò lórí fóònù mi, mo fẹ́ pe èèyàn.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n? Hẹ̀lóò? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ —

[Ìlà já.]