Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Fi Ipò Ẹ̀gbọ́n Mú

Àbúrò mi gbà pé òun pa obìnrin kan. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń bẹ Ọlọ́run lórí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà sì ń kírun tèmi ní mọ́ṣáláṣí, mo ń dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe òun ló pa á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọmọ ìyá kan náà ni wá, Kàbbà níbí la sì ń gbé. Lọ́rì kọ̀ọ̀kan la ní. Tèmi kéré, èrò ni mo fi ń kó lọ sí ọjà Odò-Ẹrẹ̀. Tirẹ̀ tóbi, iṣu ló ń fi kó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì méjèèjì gbó, a pawọ́ pọ̀ ra ẹ́ńjìnnì méjì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tí àwọn ṣọ́jà tà lẹ́yìn ogun Hitila. Ọ̀kan rí gìrìwò, ìkejì mọ níwọ̀n. Málàmù, mẹkáníìkì tó fẹ́ bá wa dè wọ́n, fi Hausa sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì ńlá ló yẹ ọkọ̀ oníṣu, nítorí àwọn òkè ojú ọ̀nà wa. Kékeré tó tèmi, kò sì yẹ kí a ṣe é sódì. Èmi nìkan ni mo gbọ́ Hausa nínú àwa méjèèjì, torí mo ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Zaria. Àbúrò mi ní, "Kí ni Málàmù wí?" Mo ní ó ní méjèèjì dára.

Nílé tiwa, àbúrò ní í pín nǹkan, ẹ̀gbọ́n ní í kọ́kọ́ mú. Bí a ṣe pín oko bàbá wa nìyẹn. Àbúrò mi nu ẹ́ńjìnnì méjèèjì mọ́, ó tò wọ́n sórí pákó, ó kí mi bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ wa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, okun o. Ẹ mú tiyín." Kí ló dé tí mo fi mú ńlá? Dẹ́rẹ́bà kan wà ní páàkì wa tó máa ń yà mí sílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, tí eruku rẹ̀ á bò wá, tí àwọn èrò mi á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń dùn mí wọra. Málàmù wò mí, ó mirí, ó ní, "To," ìyẹn ni pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò bá ẹ̀gbọ́n jiyàn lórí ohun tó mú?

Fún oṣù méjì, kò sẹ́ni tó ṣíwájú mi dé Odò-Ẹrẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀, n kò ní purọ́. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi ń kó iṣu bọ̀ láti Ifẹ̀-Olúkòtún, obìnrin tó ni iṣu sì jókòó sórí ẹrù rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré náà kú láàárín òkè. Bíréèkì kò lè dá ẹrù náà dúró, lọ́rì fẹ̀yìn rìn, ó dojú dé. Obìnrin náà kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé àbúrò mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Egbe. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mi ò tètè pa gíà dà. Mo ba orúkọ ilé wa jẹ́, ẹ forí jì mí." Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe: mo dárí jì í.

Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀, àbúrò mi ló ń bá mi rù ú. Kò wakọ̀ mọ́, ó ń tiro, síbẹ̀ lọ́dọọdún ló ń wọ ọkọ̀ lọ kọ ebè iṣu fún ọkọ olóògbé náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá bá mi, ó ní ẹsẹ̀ òun kò gbà á mọ́, kí n jọ̀ọ́ bá òun lọ lọ́dún yìí; ó ní inú ọkùnrin náà á dùn láti rí ẹ̀gbọ́n òun. Mo ti ní màá lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún: ọkọ olóògbé ni, àbí ẹni tó ti ń sin ín nítorí mi láti ọdún mẹ́rin?