Ẹ̀fọ́rí Ọjọ́ Ẹtì

Domitila, má fún mi lómi, má gbé àga jáde, ọmọ mi ni mo wá mú. Láti Oruro ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì wá, bó o bá sì fẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́dẹ, dúró dáadáa, kí àwọn aládùúgbò rẹ gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lo ní kí Ninfa wá lò. Ó di oṣù méjì. O ní láti ọjọ́ tó ti dé orí ò fọ́ ọ mọ́, o tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Kí lo ń rín? Àbí èmi ni àìsàn náà? Ta ló ń gé pòtétò tútù lé e níwájú orí, tó ń fi aṣọ dì í, tó ń pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti dúdú? Ìwọ ni?

Dókítà obìnrin yẹn ló bà á jẹ́, ọmọ àná lásán, tó fún un ní ìwé pé kó máa kọ ọjọ́ tí orí bá fọ́ ọ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé ìwé náà padà lọ, mi ò ṣí i wò, mo rò pé oúnjẹ ló máa bá wí. Ni dókítà náà bá kà á sí mi létí. "Ọjọ́ Ẹtì. Bàbá ti ibi ìwakùsà dé. Mo sọ fún wọn pé Màmá ní ọbẹ̀ ti jinná. Mo sọ fún Màmá pé Bàbá ní ọbẹ̀ ò níyọ̀. Mo sọ fún Bàbá pé Màmá ní kí wọ́n lọ jẹun lọ́dọ̀ àlè wọn. Orí bẹ̀rẹ̀." Ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ẹtì.

Kí wá ni? Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí èmi àti Casimiro ọkọ mi ò ti bá ara wa sọ̀rọ̀, ta ni kó máa jíṣẹ́, ajá? Ìyá wa náà ò bá bàbá wa sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n ń rán, ìwọ ṣì wà lẹ́yìn ìyá wa nígbà yẹn, kí lo mọ̀? Ṣé orí ò fọ́ mi ni? Ó fọ́. Mo di aṣọ mọ́ ọn, mo fọ abọ́.

Má sọ fún mi pé ilé rẹ tòrò. Ilé àgàn máa ń tòrò. Mo ti sọ ọ́, mi ò sì ní gbé e mì.

Ṣé o mọ bí ilé mi ṣe rí báyìí? Casimiro á dé, á jókòó, èmi náà á jókòó, ọbẹ̀ á tutù láàárín wa. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá mo la ẹnu láti sọ fún un pé kó jẹun, ohùn ò jáde. Kò tíì jẹ tán tó fi dìde. Bí ọmọ yẹn ò bá padà wálé, ọkùnrin yẹn á lọ, Domitila, kò ní dúró sọ fún mi pé òun ń lọ.

Pè é wá.

Ẹn-ẹ́n. Ninfa, ìyá rẹ rè é, jáde. O ti sanra. Kí lo ń fọwọ́ dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yẹn? Ó ń fọ́ ẹ? Báyìí? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo kanlẹ̀kùn?

Há há! Domitila, wá wò ó! Ilé tìrẹ náà ló ti fọ́ ọ. Lọ sọ fún dókítà yẹn pé kì í ṣe ilé mi. Ninfa, kó ẹrù rẹ, ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì.