Ìfẹ́ Mi Ló Ń Pa Ata

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nínú mọ́tò tí a wọ̀ láti Bódìjà lọ sí Challenge, ọ̀dọ́mọbìnrin kan sọ fún ìyá àgbàlagbà tó gbé ike tí wọ́n gbin ata sí lé ẹsẹ̀ pé:

"Mọ́mì, ata yìí mà dára o!"

"Ọmọ mi, ó kù díẹ̀ kó kú. Inú ata tí ìyá mi já kẹ́yìn kí wọ́n tó kú ni mo ti mú irúgbìn rẹ̀. Mo gbìn ín sínú ike ní pálọ̀ nítorí ewúrẹ́, ni ewé bá ń pọ́n bí ìyeyè."

"Ẹ ò fi ajílẹ̀ sí i?"

"Mo fi sí i, ó tún burú sí i. Ìgbà tí mo hú ọ̀kan wò, gbòǹgbò rẹ̀ ti rà. Ike ò níhò nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mò ń bomi rin ín láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Mo ní, 'Háà! Ìfẹ́ mi ló ń pa ata!'"

"Ẹ wá ṣe é báwo?"

"Mo dá ike lu, mo pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀, mo gbé e sójú fèrèsé. Bí iyẹ̀pẹ̀ ò bá gbẹ, mi ò bomi sí i."

Awakọ̀ pàápàá bojú wẹ̀yìn. "Ẹ kú oríire, Mọ́mì!"

Ìyá náà gbé ike sókè kí gbogbo wa lè rí i. "A dúpẹ́ o. Ó ti ń tanná!"