Èémí Ìyá Ọba

Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kamaráàdì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́, mo gbọ́ tí àgbà òṣèré orí ìtàgé kan ń bá ọ̀dọ́bìnrin kan sọ̀rọ̀ níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní Ṣábẹ̀ẹ́.

"Wọ́n sọ eré wa àtijọ́ di sinimá. Èmi náà ni mo ṣe ìyá ọba. Àmọ́ níbi tí mo ti ń dárò ọmọ mi, wọ́n yọ gbogbo ọ̀rọ̀ mi, wọ́n fi orin sí i."

"Háà! Ẹ ò bá wọn jà, Ìyá?"

"Torí ìjà ni mo ṣe lọ wò ó ní Kútọnu. Ojú mi nìkan ni wọ́n ń fi hàn. Fèrè kan dún, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún dún. Gbogbo èrò bú sẹ́kún, àtèmi náà."

"Fèrè lásán?"

"Mo wá ẹni tó ṣe orin náà kàn. Ó ní òun máa ń wo eré wa tẹ́lẹ̀. Pé kí n tó sọ̀rọ̀ níbi ìdárò yẹn, mo máa ń mí kanlẹ̀. Èémí yẹn lòun fi fèrè kọ."

Ìyá fọwọ́ kan àyà.

"Mo ṣe bí ọ̀rọ̀ ni mo ń sọ fún wọn láti ọjọ́ yìí wá. Àṣé èémí mi ni wọ́n ń gbọ́."