Ẹran Tí Mo Ń Lọ̀ fún Ìyá Ọkọ Mi

Inú ń bí mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n fi ẹnu dídùn bẹ̀rẹ̀, irọ́ ni mo máa pa. Láàárọ̀ yìí gan-an ni Ìyàwó Wolé-wolé tún ránṣẹ́ sí mi pé kí n yá òun ní ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀pà, nítorí ti òun ti kú. Ẹ gbọ́ mi bí? Obìnrin tó lé ìyá ọkọ mi kúrò nínú ilé mi, tó jẹ́ kí ọkọ mi máa wò mí bí ẹni wo àlejò tí kò fẹ́ lọ, òun ló ń ránṣẹ́ yá nǹkan lọ́wọ́ mi! Àwọn ọ̀rẹ́ wa méjì tó kù sì ń sọ pé ẹ̀fẹ̀ lásán ló ṣe, pé kí n má gbé e sọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ bá mi wò ó bóyá orí mi ló dàrú.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ mi. Tíṣà ni níbí ní Ọ̀yọ́. Ní ọdún tí mo bí ọmọ wa kejì, ó lọ sí Ìbàdàn, ó sì ra ẹ̀rọ kan bọ̀ fún mi. Irin ni, ó wúwo bí ọmọ odó; etí tábìlì ni wọ́n ń dè é mọ́, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ yí i. Ojú mẹ́rin ló ní tí wọ́n ń pààrọ̀: ọ̀kan fún ẹran, ọ̀kan fún ata àti ẹ̀wà rírẹ, ọ̀kan fún ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí, ọ̀kan fún àgbàdo gbígbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti kúnlẹ̀ nídìí ọlọ láti kékeré títí ẹ̀yìn fi ń ro yín, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi lọ ẹ̀wà ọ̀lẹ̀lẹ̀, tí mo sì parí kí ọmọ tó jí, díẹ̀ ló kù kí n sunkún ayọ̀.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé èmi nìkan kọ́ ni mo ní in. Ìyàwó Wolé-wolé ní irú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni ìjọba fi ṣe ẹni tó ń wọ ilé kiri wo ìkòkò omi àti ẹ̀yìnkùlé bóyá ó mọ́. Ìyá Ràbí, ìyàwó télọ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí ládùúgbò wa, ní in. Ìyàwó Akọ̀wé Kóòtù náà ní in. Ohun tó sọ àwa mẹ́rin di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, kálukú á ru ẹ̀rọ tirẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé mi, a ó dè wọ́n mọ́ tábìlì gígùn kan lábẹ́ igi máńgòrò, a ó sì máa lọ nǹkan, a ó máa sè, a ó máa tọ́ ọbẹ̀ ara wa wò. Ìyá Ràbí, tó ní ìbátan ní Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ atalẹ̀ kí wọ́n tó fi dín kúlíkúlí. Ìyàwó Akọ̀wé ló kọ́ wa pé omi díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa ta sí ẹ̀wà, kí àkàrà má baà fẹ̀ sínú epo bí ewé tó já sínú odò. Bí ọwọ́ ṣe ń yí ẹ̀rọ ni ẹnu náà ń yí. Kí ni a kì í sọ níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ará ilé. Mo máa ń fi ọjọ́ mẹ́fà retí Sátidé.

Àsìkò yìí ni ìyá ọkọ mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá láti bá wa gbé. Màmá ti ta aṣọ òfì ní Ọjà Igbó láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge, kò sì sí ẹni tó ń pè wọ́n lórúkọ. Eléèjí ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, nítorí èjí tó wà lẹ́nu wọn. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin kan máa ń wá ná aṣọ tí wọn kò ní í rà, kí Màmá ṣáà lè rẹ́rìn-ín sí wọn. Bàbá ọkọ mi wà lára àwọn tó ná aṣọ títí tó fi ná ìyàwó.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, mo rí i pé bí Màmá bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi etí ìborùn bo ẹnu. Mo rí i pé wọn kì í jẹ ẹran. Ibi yòówù tí wọ́n bá ti fún wọn lẹ́ran, wọ́n á dì í séwé, wọ́n á ní ó di ti àwọn ọmọ nílé. Àwọn ènìyàn á máa yìn wọ́n pé, “Ẹ wo ìyá tó fẹ́ràn ọmọ ọmọ!” Èmi náà ń yìn wọ́n. Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ṣèèṣì já wọ ilé ìdáná, tí mo bá wọn lórí àpótí, tí wọ́n ń fi erìgì fa ègé ẹran kan, tí omi sì lé ròrò sójú wọn. Kò sí eyín kankan lẹ́nu Màmá mọ́. Èjí náà ti lọ. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìwọ nìkan lo rí i. Ọmọ tí mo bí kò mọ̀. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n fi orúkọ mi kú.”

Mo kúnlẹ̀, mo ṣèlérí. Mo dìde níbẹ̀, mo fi ojú tí wọ́n ń fi lọ ẹran sí ẹ̀rọ mi, mo lọ ẹran náà pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà títí ó fi kúnná, mo pọ́n ọn séwé, mo gbé e kaná bí ẹni gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀. Màmá jẹ mẹ́ta. Wọ́n ní ó ti pé ọdún méjì tí ẹran ti kan ọ̀nà ọ̀fun àwọn gbẹ̀yìn. Àdúrà tí wọ́n gbà fún mi lọ́jọ́ náà, ìyá tó bí mi kò gbà á fún mi rí. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni mo ń lọ̀ ọ́ fún wọn. Ọkọ mi rò pé ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni.

Ẹnu mi! Ẹ̀yin ènìyàn, ta ló rán mi ní ọ̀rọ̀? Sátidé kan ni Ìyàwó Wolé-wolé ń fọ́nnu pé ẹ̀rọ òun lọ ẹran kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá ọkọ òun fi jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ẹran ni. Àwọn yòókù ń hó yèè. Èmi kò fẹ́ kí ó borí mi nínú ẹ̀yìnkùlé ara mi. Mo ní, “Èwo lẹ ń sọ? Ẹ̀rọ tèmi ló ń bọ́ ẹni tí kò ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu!” Wọ́n bi mí pé ta ni. Mo ní n kò ní í sọ. Ìyàwó Wolé-wolé wò mí tìfura-tìfura, ó ní, “Nínú ilé yín, ta ló dàgbà tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe Eléèjí?” Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé ó tún ku ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn? Mo wá ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí ó jáde. Gbogbo wọn búra. Ìyàwó Wolé-wolé fi Bíbélì búra.

Oṣù méjì lẹ́yìn èyí ni Ìyá Ràbí bímọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n pa àgbò, ilé kún, Màmá sì jókòó láàárín àwọn àgbà, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Ọ̀yọ́ yí wọn ká, wọ́n ń kí wọn ní Eléèjí. Ìyàwó Wolé-wolé ló ń pín ẹran. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Màmá, tí wọ́n gba tiwọn tí wọ́n sì na ọwọ́ sí ewé, ó gbóhùn sókè, ó ní, “Màmá, ẹ má wulẹ̀ dì í séwé o! Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín lọ gbé ẹ̀rọ wá, kí ó lọ̀ ọ́ fún yín níbí!”

Bàbá arúgbó kan bèèrè pé, “Kí ni wọ́n ń lọ ẹran fún Eléèjí sí?”

Ó ní, “Èjí wo, Bàbá? Èjí ti kó lọ láti ìjọ́sí!”

Ẹ̀rín ta ní gbogbo ilé. Àwọn tí kò gbọ́ ń bi àwọn tó gbọ́. Màmá rọra gbé ẹran náà sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n dìde. Wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ì bá sàn bí wọ́n bá gbá mi létí. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó ga, wọ́n ti wọ lọ́rì Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo ilé. Nígbà tí ọkọ mi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu àwọn ará ìlú rẹ̀, ìbéèrè kan péré ló bi mí: “Ta ló sọ fún un?”

Mo fi ìbínú lọ sí ilé Ìyàwó Wolé-wolé. Mo bá a nídìí àkàrà. Mo ní, “Kí ni mo fi ṣe ọ́?” Ẹ gbọ́ èsì tó fún mi. Ó ní, “Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé torí eyín lo ṣe ń gbọ̀n báyìí? Ta ni eyín rẹ̀ kì í ká? Ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe. Bó bá jẹ́ àṣírí ni, kí ló dé tí ìwọ fi sọ ọ́?” Ó sì yí àkàrà rẹ̀ padà nínú epo. Mo fẹ́ da epo náà sí i lára. Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ, ìdí sì nìyí tí inú fi ń bí mi di òní olónìí.

Mo se ẹran lílọ̀ ewé mẹ́wàá, mo gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá Màmá lójúde ilé bàbá wọn. Wọ́n ti rù. Wọn kò bo ẹnu mọ́, ta ni wọ́n tún fẹ́ bò ó fún? Bí mo ṣe kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ kú àbọ̀. Ṣé àlàáfíà lẹ dé?” Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́? Ìyá tó ń pè mí ní ìwọ, tó ń pè mí ní ọmọ mi, ló ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń kí àlejò ojú ọ̀nà. Mo bú sẹ́kún. Mo sọ gbogbo bó ṣe rí, n kò yọ ẹ̀rín mi sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, “Ẹ̀rín ni obìnrin yẹn ń wá. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ń wá?” Wọ́n pe àwọn ọmọ agboolé, wọ́n pín ewé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fún wọn lójú mi. Ìyàwó ilé kan ló sọ fún mi lẹ́yìnkùlé pé ẹ̀kọ mímu ni Màmá ń fi gbé ara ró, pé wọn kò dé Ọjà Igbó mọ́, wọ́n ti fi ìsọ̀ wọn fún ọmọ àbúrò wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti padà lọ. “Ẹ kú àbọ̀” náà ni.

Wàyí o, ìkórè ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn ìyá ìjọ ti dá ọjọ́ tí èmi àti Ìyàwó Wolé-wolé máa bọ ara wa lọ́wọ́ níwájú wọn. Ìyá Ràbí náà ti wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, òun tí wọ́n ba ọjọ́ ayọ̀ ọmọ rẹ̀ jẹ́. Ọkọ mi ní, “Ìwọ lo mọ̀.” Gbogbo wọn ní kí n dárí jì í, pé Ọlọ́run ló ní kí á máa dárí ji ara wa. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo mọ̀ pé eyín funfun kọ́ ni ọ̀rẹ́, n kò sì níláti kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni èyí: ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni èmi àti obìnrin yìí jọ ṣẹ̀, ẹni tí a ṣẹ̀ sì jókòó sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń mu ẹ̀kọ. Bí mo bá na ọwọ́ sí Ìyàwó Wolé-wolé, tí mo ní mo ti dárí jì í, ta ni mo fi ara mi pè?