Dùùrù Ni Mo Wí, Kì Í Ṣe Oúnjẹ

Ọkọ mi ò jẹ oúnjẹ mi mọ́ láti Sọ́ńdè tó kọjá. Tí mo bá gbé e síwájú rẹ̀, á ní kí n gbé e lọ fún àwọn tó ń bọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, kí ni mo ṣe? Dùùrù ni mo ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lotto, ní Mowe níbí. Ọwọ́ mi kéré bíi tọmọdé, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí mo ti ń dá ọgbọ́n sí i. Ibi tí àwọn ọlọ́wọ́ gígùn ti ń tẹ ohùn méjì pọ̀, màá tẹ ọ̀kan, màá yára tẹ èkejì tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Àfi ìgbà tí ọ̀gá akọrin gbé orin tuntun kan dé, ó ní dandan ni kí ohùn méjèèjì jọ dún. Mo na ọwọ́ títí omi fi lé sójú mi, kò débẹ̀. Ọ̀gá ti lọ sílé, ni mo bá bẹ Ìyá Akọrin, àgbàlagbà tó ń ṣe ìyá fún gbogbo wa nínú ẹgbẹ́: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọwọ́ mi ò tó, apá mi ò ká a mọ́." Wọ́n wò mí tàánútàánú, wọ́n ní, "Ó ti yé mi, ọmọ mi. Má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ." Àṣé ohun tó yé wọn ni pé àtijẹ ti dìṣòro nílé mi, ohun tí wọ́n sì lọ sọ fún pásítọ̀ nìyẹn.

Ó di Sọ́ńdè, pásítọ̀ ní kí èmi àti ọkọ mi bọ́ síwájú. Wọ́n gbé àpò ìrẹsì kalẹ̀ àti òróró, wọ́n kó aṣọ àlòkù fún àwọn ọmọ mi, wọ́n sì gbàdúrà kí Ọlọ́run bá wa pèsè. Ọkọ mi, káfíńtà tó ń jí lọ sí ṣọ́ọ̀bù kílẹ̀ tó mọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò febi sùn rí! Òun ló kan àga tí pásítọ̀ ń jókòó lé. Mo ṣàlàyé títí nígbà tá a délé, ó ní, "Dùùrù? Ṣé dùùrù ló ń jẹ ìrẹsì ni?"

Ti Ìyá Akọrin ló ń bí mi nínú jù. Mo kúnlẹ̀ ṣàlàyé fún wọn, ó yé wọn, wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọn ò ní bá ọkọ mi sọ ọ́, wọ́n ní ojú á ti pásítọ̀, pé ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan kì í tún bínú. Ta ló tọrọ? A kì í fárí lẹ́yìn olórí, kí ló dé tẹ́nì kankan ò bi mí?

Ní báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n jáde wá dúpẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Tí mo bá sọ òótọ́, mo dójú ti pásítọ̀ níwájú ìjọ. Tí mo bá dúpẹ́, mo fẹnu ara mi pe ọkọ mi ní ọ̀lẹ. Òun náà ti ní ìjókòó iwájú lòun máa wà, pé òun fẹ́ fetí ara òun gbọ́ ohun tí mo máa pe òun. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ?