Ìborùn Tí Baba Rí Ní Djémila

Ọjọ́ tí Zoulikha jáde ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un ló ti pinnu pé òun kò ní gbé irọ́ àtijọ́ kan wọ sàréè. Ó bẹ Ouarda, àbúrò rẹ̀, pé kó fi mọ́tò gbé òun láti Sétif lọ sí Djémila, níbi tí àwọn méjèèjì ti ṣe ọmọdé.

Yìnyín ti bo òkè láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀nà rí kọ́lọkọ̀lọ létí ọ̀gbun, àmọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni Ouarda ń wa ọkọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ọkọ̀ akérò jẹun lójú ọ̀nà yìí. Zoulikha ń wò ó, orí rẹ̀ ń wú, ojú sì ń tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àdúrà lẹ ń gbà ni?"

"Ìwọ ni mò ń wò."

"Ẹ wo òkè. Èmi ò lẹ́wà tó o."

Nígbà tí wọ́n dé, oòrùn ti ràn sórí ahoro ìlú tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ fi sílẹ̀. Àwọn òpó òkúta dúró ṣanṣan, yìnyín lórí wọn bíi fìlà funfun. Ẹwà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Zoulikha. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta, wọ́n ń mu kọfí.

"Ouarda, ìborùn rẹ tí Baba rí níbí nígbà tí a ṣì wà nílé-ìwé, èmi ni mo mú un láìsọ fún ọ. Èmi ni mo wá pàdé ọkùnrin. Baba pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, 'Zoulikha, ìwọ kì í purọ́. Ta ló lọ síbẹ̀?' Ẹnu mi yìí ni mo fi dárúkọ rẹ. Wọ́n yọ ọ́ nílé-ìwé. Èmi ìkà kàwé, mo di olùkọ́. Èyí tó burú jù ni pé o bi mí bóyá mo gbà pé ìwọ lo ṣe é. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ouarda gbé kọfí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí òkúta.

"Mo rí yín nígbà tí ẹ mú ìborùn yẹn," ó ní. "Ìdí tí mo fi bi yín nìyẹn, kí ẹ lè jẹ́wọ́ fúnra yín. Mo rò pé ẹ kàn dákẹ́ níwájú Baba ni, mo sì ti dárí ìyẹn jì yín. Mi ò mọ̀ pé ẹ dárúkọ mi."

"Dárí jì mí, àbúrò mi."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná. Tí mo bá bínú tán, màá dárí jì yín."

Ó dìde, ó na apá sí i, nítorí àtẹ̀gùn ń yọ̀. Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀.